Àkísà Baba Wa: Lámèyítọ́ Aṣọ Àjogúnbá Ọkùnrin ní Bantè àti Savalou

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, nígbà tí Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu, kò sí ibì kan ní ẹkùn Collines tí ènìyàn ti lè rí aṣọ ọkùnrin wò tó ojú pópó ìlú náà. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Cotonou dé, àwọn ti Parakou dé, àwọn tí ó ń gbé òkè òkun náà dé, olúkúlùkù sì ti fa èyí tí ó dára jù yọ nínú àpótí. Agbádá ń gbálẹ̀, fìlà ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ ń dún lọ́rùn. Àwa tí a gba ojú títì Bantè wá kì í gbẹ́yìn nínú ẹwà yìí, inú wa sì máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, gbogbo rẹ̀ ti padà sínú àpótí. Ẹni tí ó dà bí ìjòyè lánàá yóò wọ ẹ̀wù àlòkù tí a kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù sí lẹ́yìn, yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó sì di ọdún mìíràn kí a tó tún rí i nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní aṣọ àjogúnbá.

A kò kọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwa náà wà lára wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni à ń ṣe. Ẹni tí ó bá rí wa ní kíláàsì láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì kò ní mọ̀ nínú aṣọ wa pé ọmọ Ìṣà ni wá, tàbí ọmọ ibi kankan. Ohun tí a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ níhìn-ín ni yíyàn tí ọkùnrin ń yan aṣọ. Nígbà tí ó bá jáde lọ sí ọjà pẹ̀lú èrò pé òun fẹ́ ra aṣọ àwọn baba òun, aṣọ baba ta ni ó ń rà bọ̀?

Ìwé ìròyìn wa jẹ́ elédè méjì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bi èdè méjèèjì léèrè. Àwọn Faransé ń pè é ní patrimoine, ọ̀rọ̀ tí baba wà nínú egungun rẹ̀. Àwa ń pè é ní ogún. Ogún ní tiwa kì í ṣe ohun tí a gbé sínú gíláàsì kí àlejò máa wò ó. Ohun tí a ń pín ni. Bí baba bá kú, a máa ń ṣí àpótí rẹ̀ níwájú ẹbí, a ó pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ, a sì ń retí pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbó. Aṣọ tí a kò lè wọ̀ gbó, ó ṣòro fún wa láti gbà pé ogún ni.

Nínú ìtàn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, ó ka oríṣiríṣi ẹ̀wù àti ṣòkòtò ọkùnrin sílẹ̀. Agbádá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni láàárín ọ̀pọ̀. Àwọn aṣọ tí a ń wọ̀ mọ́ra wà, èyí tí a ń gbé lé wọn lórí wà, ṣòkòtò fífẹ̀ bíi kẹ̀ǹbẹ̀ wà, tóóró náà wà. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé wọ̀nyẹn yóò rí i pé ọkùnrin ayé ìgbà náà mọ aṣọ tí ó yẹ ẹsẹ̀ tí ń rìn àti èyí tí ó yẹ ìdí tí ó jókòó. Nínú gbogbo rẹ̀, kí ni ó kù lọ́wọ́ wa? Agbádá nìkan. A mú aṣọ ẹni tí ó jókòó, a sọ pé òun ni ogún gbogbo wa, bí ẹni pé kò sí ẹni tí baba rẹ̀ roko rí ní Bantè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ogún tiwọn ṣe. Ní 1873, Levi Strauss àti aránṣọ kan tí ń jẹ́ Jacob Davis gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ṣòkòtò tí a fi ìṣó bàbà kéékèèké kan mọ́ etí àpò, kí ó má baà ya mọ́ òṣìṣẹ́ lára. Ní 1894, Barbour bẹ̀rẹ̀ ní South Shields, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ tí a fi òróró pa, tí òjò kì í wọ̀, ni ó ń tà fún àwọn atukọ̀ àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Aṣọ alágbàṣe ni méjèèjì. Lónìí, irú wọn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá ń fi owó gọbọi rà, tí wọ́n ń fi ń yangàn pé àwọn wọ ohun tí ó ní ìtàn. Irú wọn náà ni ó ń bá ìdì aṣọ àlòkù gúnlẹ̀ sí Missèbo ní Cotonou, tí ó ń gòkè wá sí ọjà Savalou, tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń tú òkìtì rẹ̀ láti àárọ̀ kí ó lè rí ẹyọ kan tí ó bá a mu. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: aṣọ àgbàṣe baba ẹlòmíràn ni a fi ń ṣe fáàrí, ti baba tiwa ń tì wá lójú.

Ìtìjú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà pàápàá ní òwe tí ó pe kíjìpá ní aṣọ ọ̀lẹ. A mọ̀ pé òwe kì í ṣe òfin, a sì ní ẹ̀tọ́ láti bá a jiyàn. Kíjìpá ni aṣọ owú tí ó nípọn, tí àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ ran òwú rẹ̀, tí wọ́n sì ń hun lórí òfì tí a gbé nàró ti ògiri. Ó fẹ̀ ju ọ̀já tí àwọn ọkùnrin ń hun lórí òfì tiwọn lọ. Ó le lára nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń fọ̀ ọ́ ni ó ń rọ̀, kò sì ní ya kíákíá bí ẹ̀gún fà á. Lóru, a ó fi bora. Lówùúrọ̀, a ó ró o lọ sí oko. Bí ọyẹ́ bá dé, a ó dà á bo èjìká. Aṣọ tí ó ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lójúmọ́, a sọ pé ọ̀lẹ ló ń wọ̀ ọ́!

Kì í ṣe kíjìpá nìkan. Gbérí ọdẹ wà, ẹ̀wù tí kò ní apá gígùn tí igi yóò fà, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti igbó mu, tí a sì lè so nǹkan mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí oògùn tí ọdẹ ń so mọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ oògùn kúrò, ẹ̀wù tí a gé dáadáa ni ó ṣẹ́kù. Fìlà abetí ajá wà pẹ̀lú. A ti sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń na etí rẹ̀ sókè fún àwòrán, a sì ti gbàgbé pé etí méjèèjì yẹn ṣeé fà wálẹ̀ bo etí ẹni nígbà tí òtútù bá mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù láti Bantè lọ sí Savalou ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ nínú oṣù Kìíní mọ ohun tí à ń sọ. Ní àkókò yẹn, ẹ̀wù òtútù tí a rán fún yìnyín ilẹ̀ Yúróòpù ni gbogbo wa ń wọ̀. Bí aago mẹ́wàá bá lù, oòrùn ti mú, a ó sì máa wá ibi tí a ó gbé e kọ́. Aṣọ owú híhun tí a gbé lé ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ òtútù òwúrọ̀ láìsọ wá di ẹni tí ń làágùn lọ́sàn-án.

Dàńṣíkí yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé àwọn mọ̀ jù. Orúkọ rẹ̀ wá sínú èdè wa láti inú èdè Haúsá, ẹ̀wù inú ni ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀wù kúkúrú aláìnídìí ni, tí ó fẹ̀ lábẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé: aṣọ ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà lónìí ni aláwọ̀ mèremère tí ó ní ọnà ńlá yí ọrùn ká. Ilẹ̀ Hòláńdì ni a ti ya àwòrán yẹn. Toon van de Manakker ni ó yà á fún Vlisco ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara ẹ̀wù àwọn ará Etiópíà ni ó sì wò yà á. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n fi ja ìjà iyì wọn, ó sì padà wá bá wa gẹ́gẹ́ bí àmì ilẹ̀ Áfíríkà. A kò bá ẹnikẹ́ni wí lórí ìrìn-àjò yìí. Aṣọ kì í ní ìwé ìrìnnà. Ẹjọ́ tí a ní ni pé àwòrán ọrùn ni a mú, a sì gbàgbé gígé ẹ̀wù. Èyí tí ó jẹ́ tiwa gan-an, ìyẹn fífẹ̀ rẹ̀, kíkúrú rẹ̀, àti ìwúlò rẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun ni àwọn aránṣọ ń fún mọ́ra báyìí kí ó lè dà bí ṣẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ àwòrán yìí ni ó gbé wa dé ọjà. Òfì àti kanvo ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí à ń rí lórí àtẹ kì í ṣe aṣọ híhun rárá. Aṣọ títẹ̀ ni, tí ẹ̀rọ ya ìlà híhun sí lójú, tí ó tilẹ̀ ya ojú rírán tí ó yẹ kí ó wà láàárín ọ̀já kan àti èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan. Kí ó yí ẹ̀yìn aṣọ náà wò: bí ẹ̀yìn bá ràn ju ojú lọ, tí ó sì ṣì bí ojú ìwé tí oòrùn pa, títẹ̀ ni. Lára aṣọ híhun, àwọ̀ kan náà ni yóò wà lójú àti lẹ́yìn, àfi ibi tí ahunṣọ ti fi òwú ọ̀tọ̀ ṣe ọnà, níbi tí fọ́nrán a máa rìn lẹ́yìn. Kí ó fi ọwọ́ wá ojú rírán: ọ̀já òfì kan kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ, nítorí náà ojú rírán gbọ́dọ̀ wà ní bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ó tọrọ fọ́nrán kan, kí ó fi iná sí i: owú a máa jó bí ìwé, a sì di eérú, ti ike a máa yọ́, a sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Ọlọ́jà tí kò jẹ́ kí a fa fọ́nrán kan péré yọ ti dáhùn ìbéèrè náà.

A gbọ́dọ̀ fi òtítọ́ kan kún un tí kò dùn mọ́ àwa olùfẹ́ àṣà. Híhun lọ́wọ́ kò sọ pé owú ilẹ̀ wa ni. Sányán àtijọ́, òwú kòkòrò inú igbó ni a fi ń hun ún. Àlàárì pupa, òwú ọ̀nà jíjìn ni, tí àwọn oníṣòwò gbé la aṣálẹ̀ kọjá. Ẹtù nìkan ni a lè sọ pé owú oko wa àti aró ewé ẹ̀lú wa ni ó bí i pátápátá. Ní tòní, ọ̀pọ̀ òwú dídán tí ahunṣọ ń lò, inú ọkọ̀ ojú omi ni ó ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè Benin wà lára àwọn tí ń kórè owú jù ní Áfíríkà: ní àkókò 2020–2021, ohun tí a kó jáde lóko ju tọ́ọ̀nù 700,000 lọ, Banikoara sì ni aṣíwájú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kọjá lọ sí òkè òkun, Bangladesh pàápàá. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tí a dá sílẹ̀ ní Glo-Djigbé ti ń gbìyànjú láti yí ìyẹn padà, a sì kí wọn; ṣùgbọ́n aṣọ tí yóò lọ sí ọjà àgbáyé ni wọ́n ń rán ní pàtàkì. Tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo nínú owú yẹn tí a bá ràn ní òwú fún àwọn ahunṣọ ẹkùn wa ì bá mú kí aṣọ híhun wọ́n díẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ìjọba pàṣẹ. A ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní Burkina Faso, Thomas Sankara ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso Dan Fani, aṣọ híhun ilẹ̀ wọn. Àṣẹ náà fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ń hunṣọ níṣẹ́, ó sì fi ìyì sí aṣọ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kan ń fi tiwọn kọ́ sí ọ́fíìsì, wọn a sáré gbé e wọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé olórí ń bọ̀; àwọn ènìyàn sì sọ aṣọ náà ní «Sankara ń bọ̀». Ohun tí à ń wá kò sí nínú àṣẹ nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wọ kakí ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, aṣọ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ wọ̀ ní Íńdíà, tí orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí àwọ̀ eruku. Baba wọn wọ̀ ọ́, baba baba àwọn mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn a máa ń bi ara wa bóyá òun gan-an ni aṣọ àjogúnbá wọn, nítorí òun ni wọ́n wọ̀ gbó.

Àtakò tí ó lágbára jù ni ti owó, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Aṣọ híhun wọ́n, owó oṣù olùkọ́ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Agbádá, ẹ̀wù inú, ṣòkòtò àti fìlà, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó bo gbogbo àyà, yóò gba aṣọ tí ó lè rán dàńṣíkí mélòó kan, a ó sì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹnì kan nínú wa wọ tirẹ̀ gun zémìjáǹ lọ sí ìgbéyàwó. Etí agbádá wọ inú táyà, ojú títì ni ó sì gbà á sílẹ̀, a dúpẹ́ pé kì í ṣe ọrùn rẹ̀. Agbádá kò jẹ̀bi. Aṣọ ẹni tí ó jókòó ni, àwa ni a gbé e gun alùpùpù.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, baba wa papò dà ní Bantè. Àgbẹ̀ ni. Nígbà tí a ṣí àpótí rẹ̀, agbádá ẹtù kan wà níbẹ̀ tí a kò rí lára rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lọ. Gbogbo ọmọ ni ó fẹ́ ẹ. A ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà, a sì fún àkọ́bí. Lórí okùn lẹ́yìn ilé, ẹ̀wù oko rẹ̀ ṣì wà, kíjìpá tí ìyá rẹ̀ hun, tí a ti lẹ̀ ní èjìká lọ́nà mẹ́ta, tí aró rẹ̀ ti ṣí di àwọ̀ ojú ọ̀run òwúrọ̀. Òun ni a mọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ń ti oko bọ̀, aṣọ yẹn ni a kọ́kọ́ ń rí kí a tó rí ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. A gbọ́ òwe náà láti kékeré, a kò sì mọ̀ pé ó ń sọ fún wa ohun tí ó yẹ kí a mú. Lẹ́yìn oṣù kan, a rí ẹ̀wù náà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Ó ń fi nu epo kúrò lára alùpùpù. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti ya kọjá ohun tí abẹ́rẹ́ lè ràn lọ́wọ́.

Ohun tí ó kù lára rẹ̀ tó láti fi wọn gígùn apá àti fífẹ̀ ọrùn. Aránṣọ kan ní Bantè ni a gbé e lọ bá, pẹ̀lú aṣọ owú híhun tí a kò rẹ láró. A ní kí ó gé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ó fi àpò jíjìn méjì síwájú, kí ó má sì ṣe ọnà kankan sí ọrùn. Ó wo àkísà náà, ó wo ojú wa.

«Ọ̀gá, ṣé oko ni ẹ fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ ni?»

A ní ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní gba owó ọnà tí òun kò ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a wọ̀ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bèèrè bóyá ara wa yá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ ìṣirò fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ wò, ó ní kò gbóná bí òun ti rò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó sábà máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ní òpin ọ̀sẹ̀ dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó kí wa, ó sì bèèrè bóyá a lè rí irú rẹ̀ ní aláró. A júwe ilé aránṣọ náà fún un.